Kí A Tó Gbìn Nílẹ̀ Òtútù, Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Ilẹ̀ Léèrè

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Bí òwe yìí ṣe kan ẹni tó ń búra, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan ẹni tó ń gbìn. Àgbẹ̀ tó bá gbin àgbàdo sínú ilẹ̀ gbígbẹ ní oṣù Kejìlá, tó wá jókòó tì í pé kí ó hù nítorí pé ebi ń pa ọmọ òun, kí ó má ṣe sọ pé ilẹ̀ ni ó ṣẹ òun. Òun ni kò béèrè ìgbà. Ohun tó mú wa pa òwe yìí lónìí ni ọ̀rọ̀ ọgbà àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ òtútù, pàápàá jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti fìdí kalẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé tàbí ra ilé, tí wọ́n sì ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ṣàṣà ni agbo ilé tí kò ní ọmọ kan lókè òkun lóde òní. Bí àwọn ìyá àgbà bá ń lọ síbẹ̀ láti lọ wẹ ọmọ tuntun, wọn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Inú ẹrù wọn ni a ó ti bá ẹ̀gúsí, èlùbọ́ àti irú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ó bá hóró ewédú tàbí ti tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ etí ìró. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn jẹ ohun tí àwọn jẹ dàgbà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e. Wọn a gbin ewédú náà ní oṣù Kẹta, òtútù a pa á. Wọn a tún un gbìn ní oṣù Kẹrin, òtútù a tún pa á. Nígbà tí yóò fi di ìgbà tí ilẹ̀ gbóná, irúgbìn ti tán, sùúrù ti tán, ìyá àgbà pàápàá ti padà sílé. Onílé a wá da sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé irúgbìn wá yóò dàgbà láì rí ewé kan kí ó hù láti inú ilẹ̀, láì sì mọ orúkọ ewé kan ní èdè baba rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wa pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń wí pé àṣà ni ewé ilé, pé ẹni tó bá gbin ewé òyìnbó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti ta ilé baba rẹ̀. Àwọn kejì ń wí pé kí ni a fẹ́ fi oko dídá ṣe nílẹ̀ tí omi ti ń di òkúta; kí olúkúlùkù gba ọjà lọ, kí ó ra ẹ̀fọ́ inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi, kí ó lọ sè é. Ní tiwa o, a kò bá apá méjèèjì lọ. Ohun tí a rí ni pé kì í ṣe ewé kan ṣoṣo ni àṣà àgbẹ̀ Yorùbá. Àṣà náà ni pé kí a bi ilẹ̀ léèrè kí a tó gbìn, kí a tẹ̀lé ìgbà, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wa níbẹ̀, kí a sì mú ọmọ lọ́wọ́ dání lọ sóko. Ẹni tó bá ṣe èyí ní London tàbí ní Glasgow ti ṣe bí baba rẹ̀ ṣe ṣe, ìbáà jẹ́ ewé tí baba rẹ̀ kò mọ̀ rí ni ó gbìn.

ÒTÚTÙ IBẸ̀ KÌ Í ṢE ỌYẸ́

Ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ lè rò pé òtútù tí à ń wí dà bí ọyẹ́ tó ń ti òkè Ọya fẹ́ wá. Ó tì o. Ọyẹ́ a máa gbẹ ètè, a máa la ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ omi inú àmù di òkúta. Ìbàdàn kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 7 lọ sí àríwá ìlà tó la ayé sí méjì. London kọjá ìwọ̀n 51. Nítorí náà, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún wa yípo ọdún, ọ̀sán London a máa lé ní wákàtí 16 ní oṣù Kẹfà, kì í sì í tó wákàtí 8 ní oṣù Kejìlá. Oòrùn ibẹ̀ kì í gun àtàrí rárá. Apá gúúsù ni ó máa ń wà, bí ìgbà òtútù bá sì dé, ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ni ó máa ń gbà kọjá, bí àlejò tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òtútù ń ṣe sí ewé. Omi ni ó kún inú ewé tútù. Bí ojú ọjọ́ bá lọ sílẹ̀ ju òdo lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi a di yìnyín, bí omi bá sì di yìnyín, ṣe ni ó máa ń wú. Ẹni tó bá ti gbé ìgò tó kún fún omi sínú fìríìsà rí, tí ó sì bá a ní fífọ́ lówùúrọ̀, mọ ohun tí à ń wí. Yìnyín a ba ara ewé jẹ́ láti inú, a sì fa omi rẹ̀ gbẹ. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá a dúdú, a sì rọ̀ jọ̀bọ̀ bí èyí tí a bọ̀. Ìrì dídì alẹ́ ọjọ́ kan péré tó láti ṣe iṣẹ́ yìí.

Àwọn ewéko tí a bí sínú òtútù ní ọgbọ́n tiwọn. Bí ọ̀sán ṣe ń kúrú sí i ni wọ́n ń kó ṣúgà jọ sára, nítorí pé omi tó ní ṣúgà nínú kì í tètè dì. Àwọn mìíràn a wọ́ gbogbo ewé wọn sílẹ̀, wọn a sùn bí òkú títí di ìgbà ìrúwé. Kì í ṣe pé àwọn yìí jẹ́ akọni, kí ewédú sì jẹ́ ojo. Ibi tí a bí kálukú sí ni ó kọ́ ọ ní ìwà rẹ̀.

AGBO ILÉ MẸ́TA

Bí a bá fẹ́ yan ohun tí a ó gbìn nílẹ̀ òtútù, ó dára kí a pín ewéko sí agbo ilé mẹ́ta: ọmọ onílẹ̀, àlejò ìgbà ooru, àti ará inú ilé.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni àwọn tó ń la ìgbà òtútù já lóde gbangba. Nínú wọn ni ẹ̀fọ́ tí à ń pè ní kéèlì wà, ẹbí kábéèjì ni. Bí ìrì dídì bá bà á, dídùn ni ó máa ń dùn sí i, nítorí ṣúgà tí a ní ó ń kó jọ sára. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń fi irú àti epo pupa rò ó, tí ó sì ń bá iyán lọ láìjà. Aáyù náà wà níbẹ̀. Oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni wọ́n ń gbìn ín, nígbà tí gbogbo nǹkan ń kú lọ, nítorí pé bí òtútù kò bá mú un, kì í pín sí ọmọ-ọmọ dáadáa; a ó wá hú u nígbà ooru ọdún kejì. Igi ápù nìyẹn ẹ̀wẹ̀, tó gbọ́dọ̀ fara gba òtútù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí kí ó tó lè tanná bó ti yẹ. Ìdí nìyí tí kì í fi í so bó ṣe yẹ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta. Òtútù tí à ń pè ní ọ̀tá, òun gan-an ni ìyá àwọn wọ̀nyí.

Àwọn àlejò ìgbà ooru ni àwọn tó lè gbé ìta láti ìparí oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, kí wọ́n tó dágbére. Tẹ̀tẹ̀ ni olórí wọn fún wa. Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kò sì tẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà: bí a bá fọ́n ọn sí ilẹ̀ tó ti gbóná ní oṣù Kẹfà, ọ̀sán gígùn ibẹ̀ a máa bá a lára mu púpọ̀. Àwọn ará Jàmáíkà tó wà níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀fọ́ yìí, kàlàlú ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Bangladesh náà ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, irúgbìn rẹ̀ kò ṣòro láti rà lọ́jà ibẹ̀. Elégédé, àgbàdo àti tòmáàtì wà nínú agbo ilé yìí pẹ̀lú. Ní ti ewédú, ó fẹ́ ooru ju gbogbo wọn lọ. Abẹ́ gíláàsì tàbí abẹ́ ọ̀rá ni ààbò rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gbìn ín má gbàgbé ọgbọ́n àwọn ìyá wa, tí wọ́n máa ń ti irúgbìn rẹ̀ bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí wọ́n tó gbìn ín, nítorí pé èèpo rẹ̀ le. Kí ó sì mọ̀ pé ewédú kì í tètè tanná nígbà tí ọ̀sán bá gùn. Ìgbà tí yóò bá fi so, òtútù ti ń kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ewé ni kí a retí lọ́dọ̀ rẹ̀, kí a má gbójú lé irúgbìn.

Àwọn ará inú ilé ni àwọn tó ń gbé inú ìkòkò. Ata rodo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ata tó gbìn, láti oṣù Kìn-ín-ní sí Ìkẹta ni kí ó ti gbìn ín sẹ́bàá fèrèsé inú yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí pé ata kì í yára dàgbà. Yóò gbé e síta ní oṣù Kẹfà, yóò sì gbé e wọlé padà kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa nínú ilé, ata kan náà lè rí ọdún kejì, kí ó sì tún so. Ewúro náà lè gbé inú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ ni a ó sì fi gbìn ín gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé.

Àwọn onílẹ̀ kò fi ẹnikẹ́ni sínú òkùnkùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Royal Horticultural Society, ọdún 1804 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ti pín ewéko sí ipele, láti H1 tí kò lè fara da òtútù rárá, títí dé H7 tó lè gbé inú òtútù tó lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 20 lọ lábẹ́ òdo. Ọ̀pọ̀ ìkòkò òdòdó tí wọ́n ń tà lọ́jà ni wọ́n kọ àmì yìí sí lára. Ẹni tó bá ra ewéko láì wo àmì rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́yàwó láì béèrè ilé tí ó ti wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jẹ́ kí ọdún rere kan tan òun jẹ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ìwọ̀n 40 fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, òtútù líle jà, ó sì pa ọ̀pọ̀ ewéko aláìlágbára tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ti fi sílẹ̀ síta. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń dífá ọrọọrún. Ẹni tó bá ń gbìn nílẹ̀ òtútù gbọ́dọ̀ máa wo ojú ọ̀run ní alaalẹ́.

ÀGBÀ TÓ WÀ NÍ OKO KEJÌ

Ọmọ tó bá dé oko tuntun nílẹ̀ wa kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè kí ó tó kí àgbà tó bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí lọ́hùn-ún. Òfin ọdún 1908 fún ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti máa yá aráàlú ní ilẹ̀ tí wọ́n ó fi gbin oúnjẹ. Àlọ́tímẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é. Odindi ilẹ̀ kan níbẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 250 mítà níbùú àti lóòró. Ènìyàn púpọ̀ ní í máa ń dúró de ilẹ̀ yìí, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ro ó. Inú irú oko bẹ́ẹ̀ ni a ti ń bá àwọn arúgbó tó ti ń gbìn níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n mọ igun tí ìrì dídì ti ń kọ́kọ́ bọ́. Wọ́n mọ ibi tí omi ti ń dúró.

Gbogbo ẹ̀yà ni ó ní kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ tirẹ̀. Bí àwa ṣe ń dúró de àkọ́rọ̀ òjò kí a tó gbin àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣe ń fi ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ tí a kan Jésù mọ́ àgbélébùú, gbin pòtétò. Ní Jámánì, wọ́n ní àwọn ẹni mímọ́ kan tí wọ́n so mọ́ yìnyín, tí ọjọ́ wọn bọ́ sí àárín oṣù Karùn-ún. Àgbà ibẹ̀ kò ní gbé tòmáàtì síta kí ọjọ́ 15 oṣù náà tó kọjá. Ní Póláǹdì, àwọn ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ àwọn ọlọ́gbà tútù. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dà bí tiwa: ìgbàgbọ́, ìrírí àti ìṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n hun pọ̀, tí wọ́n fi lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó má baà gbàgbé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí arúgbó òyìnbó tó wà ní oko kejì bá ní kí o má tíì gbin nǹkan, jọ̀wọ́ gbọ́ tirẹ̀, kí o sì fún un ní tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó bá hù. Báyìí ni a ṣe ń di ará àdúgbò.

ÌKÓMỌJÁDE EWÉKO

Ní ti ìtọ́jú, àwọn ohun tó ṣe pàtàkì kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ṣàjèjì sí wa. A kì í gbé ọmọ tuntun síta ní ọjọ́ tí a bí i. Ó di ọjọ́ kẹjọ kí a tó kó o jáde kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Ewéko tí a tọ́ dàgbà nínú ilé náà fẹ́ ìkómọjáde. A ó máa gbé e síta lọ́sàn-án, a ó máa gbé e wọlé lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí a tó gbìn ín sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá gbé e láti inú yàrá sọ sínú atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò máa pariwo pé ilẹ̀ òyìnbó kò dára.

Ìkejì ni ebè. Omi tó rọ̀gún sí ìdí ewéko nígbà òtútù a máa pa ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé gbòǹgbò a máa rà nínú rẹ̀. Ebè tí a kọ ga díẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi dúró, òun náà ni ó sì máa ń tètè gbóná nígbà ìrúwé. Ìkẹta ni bíbo ilẹ̀. Àgbẹ̀ wa a máa dé orí ebè iṣu pẹ̀lú koríko gbígbẹ kí oòrùn má baà jó o. Lọ́hùn-ún, ewé gbígbẹ kan náà ni a ó fi bo ìdí ewéko kí òtútù má baà wọ gbòǹgbò. Ọwọ́ kan náà ni, ọ̀tá ni ó yàtọ̀.

Ìkẹrin ni ibi tí a ó gbìn sí. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń ṣàn lọ bí omi. Nítorí náà, kòtò ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ìrì dídì ti ń pa nǹkan jù. Ara ògiri tó kọjú sí gúúsù ni ó dára jù fún àlejò ìgbà ooru, nítorí pé ògiri náà yóò gba oòrùn lọ́sàn-án, yóò sì máa fi ooru náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru.

ẸRÙ TÍ A FI PAMỌ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láì fi epo bọyọ̀. Kí ẹ̀yin ìyá wa dákun, kí ẹ má ṣe máa di irúgbìn mọ́ etí ìró wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Òfin Bìrìtéènì ní pé ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn tí a ó gbìn wọlé láti ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ àwọn aláṣẹ iṣẹ́ ọ̀gbìn pé kò ní àrùn. Àwọn kan yóò sọ pé ìkà ni òfin yìí, pé kí ni hóró tẹ̀tẹ̀ lè ṣe. A bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n rántí ẹ̀gẹ́ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá yọ sí ilẹ̀ Kóńgò. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà, ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ run, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn ni ó lọ wá agbọ́n kékeré kan tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ilẹ̀ tí kòkòrò náà ti wá, tí wọ́n tú u sílẹ̀ láti ọdún 1981, kí gààrí tó rí ìgbàlà. Ilẹ̀ Ireland kò rí irú ìgbàlà bẹ́ẹ̀ nígbà tí àrùn kan tó ti òkè òkun wá kọlu pòtétò wọn ní ọdún 1845. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ebi àti àìsàn pa. Èèwọ̀ kì í ṣe ìkà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni ó ń bí èèwọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ìyá àgbà gbé lọ kò sí lára ohun tí òṣìṣẹ́ papa ọkọ̀ òfuurufú lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ bí a ṣe ń já ewé láì pa igi. Bí a ṣe ń mọ tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀ jíjẹ. Bí a ṣe ń bọ ewúro kí kíkorò rẹ̀ lè dín kù. Irúgbìn wà lọ́jà òyìnbó. Ọgbọ́n yìí kò sí níbẹ̀.

EWÉ TÍ A KÒ DÁ MỌ̀ MỌ́

Ohun kan ń dùn wá. Bí ìgbà ooru bá dé, ọ̀pọ̀ ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń kún fún òdòdó pupa àti aláwọ̀ ìyeyè kan tó dà bí ahọ́n iná. Celosia ni àwọn onílẹ̀ ń pè é. Ẹwà lásán ni wọ́n gbìn ín fún. Ṣọkọ yòkòtò ni, ṣọkọ tí à ń fi se ọbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi tí wọ́n ti tọ́ fún òdòdó ni tiwọn. Nínú ọ́fíìsì àti nínú pálọ̀ ilé wọn, wọ́n gbé igi kan tó ní ewé gígùn sínú ìkòkò, Dracaena ni wọ́n ń pè é. Pèrègún ni, pèrègún tí baba wa fi ń pààlà ilẹ̀, tí a ń bá lójú ilé òrìṣà. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí London lè máa kọjá lára méjèèjì lójoojúmọ́, kí ó máa rò pé ọ̀nà jíjìn ni ewé ilé baba òun wà. Ewé kò sọnù. Orúkọ ni ó ń sọnù. Bí orúkọ ewé bá sì sọnù, ìlò rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀lé e.

Kí ẹni tó ń sọ pé gbígbin kéèlì jẹ́ títa àṣà wo àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bùràsíìlì. Òtútù kọ́ ni tiwọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àjèjì ni. Wọ́n bá ewé kan níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀, wọn kò bá òmíràn. Wọn kò tìtorí ìyẹn pa Ọ̀sanyìn tì. Wọ́n wọ inú igbó ilẹ̀ náà, wọ́n yẹ ewé ibẹ̀ wò, wọ́n sì fi èyí tó bá a mu rọ́pò èyí tí wọn kò rí. Ìwé El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní Kúbà ní ọdún 1954 kún fún orúkọ ewé tí wọ́n ṣì ń fi èdè wa pè. Bí àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lọ bá lè ṣe èyí, kí ni àwíjàre ẹni tó fi ìwé ìrìnnà lọ, tó ní ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì ní fóònù tó lè fi pe ìyá rẹ̀ nílé?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa nílẹ̀ òtútù, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ gbin aáyù ní oṣù Kẹwàá àti kéèlì fún ìgbà òtútù, kí ọgbà má baà dá páropáro. Ẹ fi ìkòkò ata rodo kan sẹ́bàá fèrèsé kí oṣù Kẹta tó parí. Ẹ mú sùúrù títí ìparí oṣù Karùn-ún, kí ẹ tó fọ́n tẹ̀tẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá gbìn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ wà nínú erùpẹ̀ náà, kí ẹ sì kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá; èyí tí kò bá sì ní orúkọ lọ́dọ̀ wa, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń lọ wẹ ọmọ, bí ẹ bá ti wẹ ọmọ tán, ẹ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé.

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. A kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa di ọṣẹ tí kò rántí pé òun jẹ́ ewé rí. Ilẹ̀ òtútù kò kọ̀ wá. Ó ní kí a béèrè lọ́wọ́ òun kí a tó gbìn ni.